Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní acupuncture ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó bèèrè ìbéèrè, báwo ni mo ṣe máa kọ́ wọn ní ìwádìí?

Àǹtí Òkè-Fìà

Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á torí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ acupuncture níbí ní Òṣogbo, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín àwọn ará Ṣáínà yẹn. Mẹ́sàn-án ni wọ́n ní kíláàsì àṣekágbá, kọ́ọ̀sì tó já lé mi lọ́wọ́ ni bí èèyàn ṣe ń ṣe ìwádìí tó yanjú àti bó ṣe máa gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n fún mi, Fráìdé Fráìdé, wákàtí méjì péré lẹ́ẹ̀kan, tí iná bá sì ti lọ, bọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀kì ló kù.

Àwọn ọmọ yìí ò ya ọ̀lẹ rárá o. Ọwọ́ wọn yá, ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá gún yín, abẹ́rẹ́ ti wọlé kí ẹ tó mọ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé wọ́n ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó bèèrè ìbéèrè. Mo ní kí wọ́n mú àkọlé pírójẹ́ẹ̀tì wá, mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ̀rí pé acupuncture ń wo...", ẹ̀yìn ríro o, orí fífọ́ o, orúnkún, àìróorunsùn, ohun gbogbo ṣá. Mo wá bi wọ́n pé ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ìwádìí lẹ fẹ́ ṣe ni àbí ẹ fẹ́ jẹ́rìí? Torí a máa ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bọ́ síwájú láti jẹ́rìí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun máa já sí kó tó gba máìkì. Gbogbo wọn dákẹ́.

Ohun tó wá dùn mí jù nìyí. Wọ́n ní kí ọ̀kan nínú wọn wá sọ̀rọ̀ níbi àpérò kékeré kan tí àwọn dọ́kítà wà, ọmọbìnrin tó fara ṣiṣẹ́ gan-an, ó ti tọ́jú èèyàn méjìlá tí ẹ̀yìn ń ro, ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ìrora wọn bẹ̀rẹ̀ ní 8 nínú mẹ́wàá ó sì já sí 3. Sáláìdì 46! Ó kẹ̀yìn sí àwọn èèyàn, ó ń kà á bí ẹni ka ìwé ìròyìn. Nígbà tó parí dọ́kítà àgbà kan dìde, kò pariwo, kò fi ṣe ẹlẹ́yà, ó kàn ní "Ọmọ mi, ta ló bi wọ́n pé ìrora wọn kù mélòó?" Ó ní èmi ni sà. "Ta ló gún wọn?" Èmi ni sà. "Tó o bá fi wọ́n sílẹ̀ láìgún wọn, mélòó ni ì bá kù?" Ọmọ náà wá ń wò mí. Gbogbo yàrá dákẹ́ débi pé fáànù nìkan là ń gbọ́. Nígbà tí a wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Ọláìyá, ó ń sunkún, ó ní "Mà, ṣé wọ́n rò pé mo parọ́ ni?"

Kò parọ́. Ohun tó fojú rí ló sọ. Èmi tí mo ń kọ́ ọ ló yẹ kí n ti bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn kó tó kúrò nílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n máa ka ìwádìí àwọn ẹlòmíì ni, àbí kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò fi ní rò pé mò ń tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò? Àti ọ̀rọ̀ sáláìdì yẹn, ẹ gbà mí.

Oníṣirò

Àǹtí ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì bá mi kí ọmọbìnrin yẹn, ó ní ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà ò ní, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ọmọ Òṣogbo lèmi náà, ilé wa ò jìnnà sí Ọjà Ọba, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìṣirò ni mò ń bá àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìlera ṣe.

Ìbéèrè kẹta tí dọ́kítà yẹn bi í ni ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ wọn, kí ẹ fi Odò Ọ̀ṣun ṣàpèjúwe ẹ̀. Odò máa ń kún lásìkò òjò, tó bá di ọyẹ́ á fà. Tí ẹnì kan bá lọ da iyọ̀ sínú ẹ̀ lọ́jọ́ tó kún jù lọ, á rí i pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan odò ti fà, kò sì parọ́ pé ó fà, ṣùgbọ́n iyọ̀ ẹ̀ kọ́. Ẹ̀yìn ríro náà ń kún ó ń fà. Ọjọ́ wo lèèyàn máa ń wá sí klíníìkì? Ọjọ́ tó bá kún dé ọrùn ni. Torí náà bí ẹ bá kàn fún wọn ní àga kí wọ́n jókòó, ọ̀pọ̀ wọn á sọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé ó ti dín kù. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò ọ̀wọ́ kejì tí a máa fi wé ọ̀wọ́ àkọ́kọ́.

Báwo la ṣe máa pín wọn sí ọ̀wọ́? Gègé ni. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ bàbá nílé wọn tí kò fi ní dìjà. Wọ́n á ṣẹ́ gègé kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n fojúure pín in. Àwọn ọmọ máa fẹ́ fi ọjọ́ pín in, pé ẹni tó bá wá ní Mọ́ńdè gba abẹ́rẹ́, ti Túsìdeè má gbà. Ẹ má gbà fún wọn o. Ẹni tó ti mọ ohun tó kàn máa rí ìyá arúgbó tó ń jẹ̀rora, àánú á ṣe é, á ní mà ẹ lọ kí ẹ padà wá lọ́la. Ó ti bà á jẹ́ nìyẹn, kò sì mọ̀. Ẹ́ńfílọ́ọ̀pù tí wọ́n ti lẹ̀ pa ni kẹ́ ẹ lò, kí ẹ fi bébà dídán tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ tẹ́ inú ẹ̀ kí wọ́n má lè gbé e sókè wo ohun tó wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára ní títò, kó sì jẹ́ pé ẹ̀yin tàbí ẹlòmíì tí kò ní í tọ́jú wọn ló ṣe é.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iye èèyàn, ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Tí ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ ń wá bá mọ níwọ̀nba, ká ní ìdajì standard deviation kan (ìwọ̀n bí iye àwọn èèyàn ṣe máa ń yàtọ̀ síra), èèyàn bíi 64 lẹ máa nílò ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 128 lápapọ̀, kẹ́ ẹ tó ní àǹfààní 80 nínú 100 láti rí i, pẹ̀lú ìlà 5% tí gbogbo èèyàn ń lò, ìyẹn ni pé tí kò bá sí ìyàtọ̀ lóòótọ́, a ò fẹ́ kó ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí a máa rò pé ó wà. Ọmọ tó ní ọ̀sẹ̀ méjìlá ò lè rí 128, torí náà ìbéèrè "ṣé ó ń ṣiṣẹ́" kì í ṣe ti wọn lọ́dún yìí. Kì í ṣe pé ìbéèrè náà ò dáa, apá wọn ni ò ká a. Ẹ wá ìbéèrè kékeré tí apá wọn ká, tí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì, títí kan ẹ̀yin fúnra yín, ò mọ ìdáhùn ẹ̀.

Lórí ìwé kíkà, ẹ̀yọ kan ṣoṣo tó kún dáadáa sàn ju ogún lọ. Ẹ mú ìwádìí GERAC tí wọ́n ṣe ní Jámánì lórí ẹ̀yìn ríro, 2007 ló jáde. Èèyàn 1,162, wọ́n pín wọn sí mẹ́ta, àwọn kan gba acupuncture gidi, àwọn kan gba ti ẹ̀tàn, àwọn kan gba ìtọ́jú tí wọ́n máa ń ṣe ní ọsibítù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó sàn dé ìwọ̀n tí wọ́n ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ 47.6% nínú ti gidi, 44.2% nínú ti ẹ̀tàn, 27.4% nínú ti ọsibítù. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta yẹn sí bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ pín kíláàsì sí méjì. Apá kan á jà pé acupuncture dáa, apá kejì á jà pé ibi tí abẹ́rẹ́ bọ́ sí ò já mọ́ nǹkan. Tó bá di ìdajì wákàtí, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́.

Bàbá Alábẹ́rẹ́

Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gún abẹ́rẹ́ yìí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Oníṣirò torí òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n mo ní nǹkan láti fi kún un kí àwọn ọmọ má baà gbé e gba ọ̀nà mìíràn.

Ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀tàn nínú ti Jámánì yẹn, abẹ́rẹ́ náà ni o. Wọn ò kàn gún un jinlẹ̀ ni, wọn ò sì gún un sójú ibi tó yẹ. Ẹ bi àwọn ọmọ pé ṣé abẹ́rẹ́ tó wọ ara jẹ́ "àìṣe nǹkan kan"? Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan á ní rárá, àríyànjiyàn yẹn ò tíì tán láàárín àwọn tó mọ̀ jù wá lọ. Streitberger àti Kleinhenz ní Jámánì tiẹ̀ ṣe irú kan tí wọ́n kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1998, orí ẹ̀ kúńdú, tí wọ́n bá tì í mọ́ ara á sá wọ inú èèkù ara ẹ̀, ẹni tí wọ́n fi kàn á rò pé ó ti wọlé. Nítorí náà tí ọmọ bá kọ "ọ̀wọ́ ìfiwéra" sínú ìwé ẹ̀, ẹ ní kó sọ fún wa, kí ni wọ́n ṣe fún wọn gan-an?

Ọ̀rọ̀ tó ń dun èmi jù ni bí wọ́n ṣe ń kọ iṣẹ́ ara wọn. Mo ti ka pírójẹ́ẹ̀tì níbi tí ọmọ ti kọ "a fi abẹ́rẹ́ gún àwọn ojú ibi tó yẹ fún ìṣẹ́jú mélòó kan". Ṣé ẹni tó wà ní Ẹdẹ lè ka ìyẹn kó sì tún un ṣe? Ó dà bí ẹni tó ń kọ́ ìyàwó ilé ní ọbẹ̀ tó ní "fi nǹkan sí i". Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní STRICTA, 2001 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, wọ́n tún un ṣe ní 2010, orí mẹ́fà ni, wọ́n pín in sí 17. Kí nìdí tó o fi yan ojú ibi yẹn, abẹ́rẹ́ mélòó, jíjìn ẹ̀ tó báwo, ṣé aláìsàn mọ̀ ọ́n lára, abẹ́rẹ́ náà nípọn tó báwo, ó pẹ́ tó báwo nínú ara, ìgbà mélòó, kí lo tún fi kún un, ta ni ìwọ tó o gún un, kí ni ọ̀wọ́ kejì gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ òní nínú ìwé klíníìkì, kì í ṣe ọjọ́ tí pírójẹ́ẹ̀tì bá dé. "Abẹ́rẹ́ 0.25 mm, gígùn 40 mm, Zusanli ẹsẹ̀ méjèèjì, ìṣẹ́jú 25." Ó tán.

Ẹ ní ẹ ń wá ìbéèrè kékeré, mo ní ọ̀kan fún yín. Zusanli yẹn, ojú ibi kan lára ẹsẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní ST36, gbogbo ọmọ tó ti ṣe ọdún kan ló máa búra pé òun mọ ibẹ̀. Cun mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ ojú orúnkún lápá òde, ìbú ìka kan sí ẹ̀gbẹ́ eegun ojúgun. Cun mẹ́ta, ìka mẹ́rin tó wà papọ̀ ni, ìka aláìsàn o, kì í ṣe ìka ẹni tó ń gún. Ẹ mú ẹsẹ̀ ẹnì kan, ẹ fi bírò fa ìlà sí orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa na ọ̀rá tuntun tó mọ́lẹ̀ kedere lé e, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọlé ní òun nìkan, kó fi bírò tọ́ka sí Zusanli lórí ọ̀rá, kẹ́ ẹ yọ ọ̀rá kúrò kí ẹni tó ń bọ̀ má rí i. Kí wọ́n ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ẹ kó gbogbo ọ̀rá léra, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀, owó ọ̀rá nìkan ni. Mi ò ní sọ ohun tí ẹ máa rí fún yín.

Tí wọ́n bá sì ń bẹ̀rù pé ìwádìí ń tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ àtijọ́, ẹ sọ̀rọ̀ Tu Youyou fún wọn, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà. Oògùn ibà tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́mísì, ọwọ́ ẹ̀ ni artemisinin tó wà nínú ẹ̀ ti wá. Ewé tí wọ́n ti ń lò ní Ṣáínà látayébáyé ni, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sè é, kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó padà sínú ìwé tí Ge Hong, oníṣègùn àtijọ́ kan ní Ṣáínà, ti kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, ó rí i pé wọ́n ní kí wọ́n rẹ ewé náà sómi kí wọ́n fún omi ẹ̀ jáde mu, wọn ò ní kí wọ́n sè é. Ló bá rò ó pé bóyá iná ló ń pa á, ó lo ohun tí kò nílò iná púpọ̀, 1971 nìyẹn, ó sì bọ́ sí i. Wọ́n fún un ní Nobel lọ́dún 2015. Ìwé àtijọ́ ló fún un ní àbá, ìdánwò ló sọ fún un pé àbá yẹn dúró. Tó bá jẹ́ pé ó ti pinnu pé sísè náà dáa torí pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ibo ni ì bá dé?

Ìyá Tóbi Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú ìsinmi Àǹtí mi, Bàbá ẹ ṣeun, ẹ̀kọ́ gidi nìyí. Èmi wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò kí wọ́n tó ṣe é, nítorí náà ibi tó kàn mí ni mo máa sọ.

Àkọ́kọ́, kódà ti ọ̀rá yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó gẹ́gẹ́ bí pírójẹ́ẹ̀tì. Ìlànà ẹ̀tọ́ fún ìwádìí ìlera ní Nàìjíríà ti wà láti 2007, kò sì sọ pé abẹ́rẹ́ Ṣáínà ò sí nínú ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lo ẹsẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá, ó sì ṣòro fún stúdẹ́ńtì láti sọ rárá fún lẹ́kíṣọ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bi í. Tí ọ̀kan nínú wọn bá tún máa pín aláìsàn sí ọ̀wọ́ lọ́jọ́ iwájú, kó forúkọ ìwádìí náà sílẹ̀ ní Pan African Clinical Trials Registry, ibi tí wọ́n ń kọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ sí, kó tó gba ẹni àkọ́kọ́, wọn kì í gbowó.

Ìkejì, èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù, àwọn èèyàn wa ní ọ̀wọ̀. Ìyá tí ọmọ yín ti fọwọ́ tọ́jú, tí ọmọ náà ń pè ní "Mà" tó sì ń kúnlẹ̀ kí, tí ọmọ náà bá wá bi í pé "Mà ṣé ó ti dín kù?", kí lẹ rò pé ó máa sọ? "Ó ti dín kù ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà." Àdúrà ló ń gbà fún un, ọmọ yín sì lọ kọ 3 sílẹ̀. Ẹ pààrọ̀ wọn, ẹni tó gún kọ́ ló máa bèèrè, kí ẹni tó ń bèèrè má mọ ọ̀wọ́ tí ìyá náà wà, kó sì sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀ pé "Mà, tí kò bá sàn, òun gan-an la fẹ́ gbọ́."

Ìkẹta, òdo sí mẹ́wàá yẹn. Mo ti bi ìyá kan láti Òkè-Báálẹ̀ rí, mo ní mà tó bá jẹ́ pé òdo ni kò dùn yín rárá, mẹ́wàá ni èyí tó le jù, mélòó ni tiyín? Ó ní "ó ń ro mí." Mo tún un bi, ó ní "ó ń ro mí gan-an ni mo wí." Nígbà tó yá mo kó ọmọ ayò mẹ́wàá síwájú ẹ̀, mo ní kó kó iye tí ìrora náà jẹ́. Ó kó méje, ó wò wọ́n lọ́wọ́, ó rò ó díẹ̀, ó dá ọ̀kan padà. Mẹ́fà. Mi ò rí ìdáhùn tó dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀ rí. Kẹ́ ẹ sì rántí pé ríro yàtọ̀ sí títa, títa yàtọ̀ sí gígún, èèyàn lè ní "kò ro mí mọ́" kó sì ṣì máa ta á. Ẹ bi wọ́n lóhun tí wọ́n ń ṣe: ṣé ẹ lè gbé korobá omi, ṣé ẹ lè kúnlẹ̀ kí ẹ dìde láìdi nǹkan mú, ṣé ẹ lè jókòó nínú kẹ̀kẹ́ láti ilé dé ọjà.

Ọ̀nà tí mo máa ń gbà ṣàlàyé abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn fún wọn nìyí, ẹ lè mú un lò: "Mà, a fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ yìí ló ń ṣe é tàbí nǹkan mìíràn. A máa ṣẹ́ gègé. Àwọn kan máa gba abẹ́rẹ́ tó wọ ara, àwọn kan máa gba èyí tí kò wọ ara. Ẹ ò ní mọ èyí tó kàn yín títí a ó fi parí, lẹ́yìn náà a máa sọ fún yín. Ẹ lè ní ẹ ò ṣe mọ́ lọ́jọ́ kọ́jọ́, ìtọ́jú yín ò ní yí padà." Tí ọmọ ò bá lè sọ èyí kó wo ojú ìyá náà, kò tíì tó ṣe é.

Oníṣirò

Ìyá Tóbi, ọmọ ayò yẹn fúnra ẹ̀ ti tó pírójẹ́ẹ̀tì kan o. Tẹ́ ẹ bá bi ẹnì kan náà lẹ́yìn wákàtí kan, tí kò tíì gba ìtọ́jú kankan, ṣé iye kan náà ló máa kó? Ká mọ̀ ọ́n kí a tó fi wọ̀n nǹkan.

Dèjì Ìgbọ̀nà

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin àgbà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fisiotẹ́rápì ni mo ṣe, kì í ṣe acupuncture, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá mi dúró níwájú èèyàn rí nítorí náà mo mọ bí fáànù yẹn ṣe ń dún.

Àǹtí, ohun tó yọ mí ni màmá mi. Ó ń tajà ní Ìgbọ̀nà, wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti sọ̀rọ̀, mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mo ní màmá mo fẹ́ sọ iṣẹ́ mi fún yín. Mo bẹ̀rẹ̀, gbogbo ibi tí mo ti ń sọ gẹ̀ẹ́sì nínú ẹ̀ ni mo rí i pé kò yé èmi gan-an. Ibi tí Yorùbá ti ń há mi lọ́fun, ibẹ̀ ni mo kàn ti ń ka ohun tí mo há sórí. Tí mo bá ní kí n sọ "significant", mi ò rí nǹkan sọ, ni mo bá padà lọ kọ́ ọ títí mo fi lè sọ pé "tó bá jẹ́ pé ọ̀wọ́ méjèèjì ò yàtọ̀ síra lóòótọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí gègé nìkan tó fún wa ní ìyàtọ̀ tó tóbi báyìí". Màmá mi ní ehn, ó yé mi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà, kí wọ́n tó gbé sáláìdì kankan sókè.

Màmá mi tún bi mí pé mélòó ló bẹ̀rẹ̀? Mo ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mọ́kànlá ló parí. Ó ní àwọn mẹ́rin yòókù dà? Mi ò tíì kọ wọ́n sínú ẹ̀ rárá, mo ti yọ wọ́n kúrò nínú gíráàfù. Mo ní láti pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ti lọ sí Èkó, ọ̀kan ò rówó ọkọ̀, àwọn méjì ní ara àwọn ò gbà á. Àwọn méjì yẹn ni àwọn tó wá gbọ́ mi bèèrè nípa ẹ̀ jù lọ, mo sì ní ìdáhùn lẹ́nu.

Sáláìdì mẹ́jọ ni mo lò. Àkọ́kọ́, ìbéèrè nìkan ṣoṣo, kò sí nǹkan mìíràn lójú ẹ̀. Mi ò ya òpó aláràbarà, ẹni kọ̀ọ̀kan ni mo fún ní ìlà tiẹ̀, láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí, ẹ máa rí ẹni tó sàn, ẹni tó wà lójú kan, àti ẹni tó burú sí i, gbogbo wọn lójú kan náà. Sáláìdì tó kẹ́yìn, ohun tí iṣẹ́ mi ò lè sọ. Kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọjú sáwọn èèyàn o, ẹni tó bá ń wo ògiri kò ní rí ẹni tó fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀.

Àǹtí Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo kà gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ṣe ti ọ̀rá lánàá Fráìdé, gẹ́gẹ́ bí ìdánrawò inú kíláàsì ni o Ìyá Tóbi, mi ò tíì pè é ní pírójẹ́ẹ̀tì, ọmọkùnrin tó ni ẹsẹ̀ ló fúnra ẹ̀ yọ̀ǹda. Àwọn mẹ́jọ tó kù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì mejì, ọ̀rá 16. Iná ti lọ, ẹsẹ̀ fèrèsé ni a ti kó wọn léra kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú wọn kọjá.

Kíláàsì dákẹ́ bíi ti ọjọ́ àpérò yẹn, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí yàtọ̀. Méjì tó jìnnà síra jù, sẹ̀ǹtímítà 3.1. Ọmọ tí mo ní ọwọ́ ẹ̀ yá jù lọ yẹn, ti òun nìkan, àkọ́kọ́ àti ìkejì, 1.4. Ó ń wo rúlà, ó ní ká tún un wọ̀n. A tún un wọ̀n, 1.4 náà ni. Ọmọbìnrin tó sunkún nínú kẹ̀kẹ́ ló ń kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù. Ẹnì kan ní ká yọ àmì kan tó jìnnà kúrò, pé ẹni tó ṣe é ò fara balẹ̀, pé ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ọmọbìnrin yẹn gbé ọwọ́ lé e lórí bọ́ọ̀dù, ó ní "Rárá, ẹ má pa á rẹ́, ẹ jẹ́ ká bi í bó ṣe wọ̀n ọ́n." Ìgbà tí a bi í la rí i pé ìka ara ẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìka ẹni tó ni ẹsẹ̀. Àwọn méjì mìíràn náà jẹ́wọ́ pé bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe é. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, wọn ò dúró dè mí mọ́: ṣé tí a bá kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i ó máa sún mọ́ra? Ṣé ẹni tó sanra máa yàtọ̀? Tí Zusanli bá fi báyìí jìnnà síra láàárín wa, ti ẹ̀yìn tí a ò lè fojú rí eegun ẹ̀ dáadáa ńkọ́? Wákàtí méjì ti kọjá, kò sẹ́ni tó dìde.

Ọmọbìnrin yẹn ti yí àkọlé pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ padà. "Ṣé ojú kan náà ni gbogbo wa ń gún?" Ó fẹ́ lo ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ó sì ti ní òun máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún ìyá òun lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Ìyá Tóbi, mo máa mú ìwé wá síwájú ìgbìmọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ fún mi. Oníṣirò ẹ̀gbọ́n mi, àmì méjì tí ẹnì kan ṣe, ṣé kí n sọ wọ́n di ọ̀kan ni?

Oníṣirò

Ẹ má sọ wọ́n di ọ̀kan o. Bí ẹnì kan ṣe yàtọ̀ sí ara ẹ̀ àti bó ṣe yàtọ̀ sí ẹlòmíì, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá pò wọ́n pọ̀ ti àkọ́kọ́ á sọnù. Ẹ ya ìwé sí òpó: ta ló ṣe é, ẹsẹ̀ wo, ìgbà wo, ó fi mélòó jìnnà sí ìlà orúnkún sísàlẹ̀, ó fi mélòó jìnnà sí eegun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà kan fún ọ̀rá kan. Ẹ ya fọ́tò bọ́ọ̀dù yẹn ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó pa á rẹ́ ní Mọ́ńdè.